Ọdẹ́lékè àti Ọ̀tá Mẹ́ta Tó Yí Ìlú Ẹnu-Ẹni Ká

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú, mi ò ní í pariwo nítorí yín. Ẹni tó bá sì gbé ìkòkò ka iná, kó yáa lọ sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, ọbẹ̀ á jóná, wọ́n á sì ní èmi ni mo jó o.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́lékè ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ Abà Ìrókò. Ọkùnrin yìí mọ ìbọn-ọ́n yìn, ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀-ẹ́ yìn jù ú lọ. Tó bá pa òkété kan lóko, òkété náà á ti di ẹfọ̀n kó tó gbé e délé. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dá a dúró lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Àyọ̀nkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìyá ọmọ náà ti kú láti kékeré rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé.

Àyọ̀nkẹ́ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń sọ̀rọ̀ kó tó lajú láàárọ̀. Ó ń sọ ọ́ tó bá ń gbálẹ̀, ó ń sọ ọ́ tó bá ń lọ ata, ó sì máa ń bá ewúrẹ́ wí, á wá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ewúrẹ́ ń wá èsì tó máa fọ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ní ẹfọ̀n lòun pa, á ní, "Bàbá, ẹfọ̀n wo ló ń gbé inú ihò?" Àwọn tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà á sì bá wọn rín in.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà jíjìn, Adéyangà lorúkọ rẹ̀. Ó tọrọ Àyọ̀nkẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọrọ ọmọ, ó sì mú un lọ sí ìlú rẹ̀. Ó ṣèlérí pé lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, Àyọ̀nkẹ́ á máa wá kí bàbá rẹ̀. Iṣu jáde lẹ́ẹ̀kan, kò wá. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì, kò wá. Ilé Ọdẹ́lékè wá dákẹ́ débi pé ó máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ adìẹ nínú yàrá. Nígbà tí iṣu jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ mú ọmọ òun wálé.

Mi ò ní í máa ka igi inú igbó fún yín níkọ̀ọ̀kan. Ìrìn tó rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ó ṣáà dé Ibodè Omijé.

Oníbodè ibẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ni ẹnu rẹ̀ wà. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó gbé igbá kan síwájú Ọdẹ́lékè, ó ní ẹni tó bá máa kọjá gbọ́dọ̀ da omijé bo ìdí igbá náà. Ọdẹ́lékè rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tóun wo àmọ̀tẹ́kùn lójú tí òun ò ṣẹ́jú, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún. Oníbodè ní kò burú, ó ní kó jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Ọdẹ́lékè fi ata pa ojú. Omi dà. Oníbodè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí igbá, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ata nìyí." Ọjọ́ kejì, ó kó ewé tútù síná, ó sì ki orí bọ èéfín. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó ní èéfín ni. Ọjọ́ kẹta, ó fi ìdí ìbọn gún ara rẹ̀ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Oníbodè ní ẹkún ẹsẹ̀ nìyẹn, pé ẹsẹ̀ nìkan ló lè fi kọjá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ì bá gbìyànjú ata.

Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, ebi ń pa á, ó ń jẹ òkété gbígbẹ tó kù nínú àpò rẹ̀. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé, ó ní ẹfọ̀n yìí ì bá pa òun bí kì í bá ṣe pé òun gbọ́n. Ó sọ ọ́ tán, ó dúró. Ó ń retí kí ẹnì kan já irọ́ náà. Kò sẹ́ni tó já a. Nígbà tó máa fi mọ̀, igbá ti kún, ó ń dà sílẹ̀. Oníbodè yára gbé igbá kúrò níwájú rẹ̀, ó ní ó ti tó, ó ti pọ̀ jù, kó máa wọlé. Ó wá sọ fún un pé ọ̀nà òun, àwọn tó ń wọlé nìkan ló wà fún. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ jáde.

Bí Ọdẹ́lékè ṣe dé Ìlú Ẹnu-Ẹni nìyẹn, ilé Adéyangà ló sì béèrè. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tó fi gbọ́ ohùn tó ń bá adìẹ wí nínú àgbàlá.

Àyọ̀nkẹ́ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ tó wà. "Bàbá, ẹ ti rù. Ta ló ń se oúnjẹ fún yín? Aṣọ wo rèé? Ẹ dìde, ẹ jókòó." Òun ló kúnlẹ̀, bàbá ló dúró, òun ló sì ń sọ fún un pé kó dìde. Ọdẹ́lékè jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ohùn yẹn lásán tó o.

Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Adéyangà ti kú. Ọ̀tá mẹ́ta ló yí ìlú náà ká, kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà jáde àfi kó gba ilẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí Àyọ̀nkẹ́ kò fi lè wá sílé.

Ní ọ̀nà pápá, àwọn ará Ayípo ló wà níbẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ogun. Àpótí onígi ni kẹ̀kẹ́ yìí, ó ní ẹsẹ̀ róbótó méjì, wọ́n sì so dòjé mọ́ ẹsẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan á di ìjánu mú, ẹnì kejì á máa ju ọ̀kọ̀. Ẹṣin tó ń fà á kò lójú, ibi tí ojú ì bá wà tẹ́ bí àwo, nítorí náà wọn kì í bẹ̀rù. Tí ẹ bá na ọ̀kọ̀ sí wọn, orí ọ̀kọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ló pa Adéyangà.

Ní ọ̀nà òkè, àwọn Apágùn ló wà níbẹ̀. Apá wọn gùn ju ara wọn lọ, wọn kì í ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo ni wọ́n ń ju àpáta sí.

Ní ọ̀nà odò, àwọn ará Odò Ìdákẹ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń jáde látinú omi, wọ́n á fa ẹni tó bá wá pọnmi wọlé. Ìsàlẹ̀ omi yẹn, èèyàn kì í kú níbẹ̀ o. Ohùn rẹ̀ nìkan ló máa ń kúrò lọ́fun rẹ̀, kò sì ní í padà mọ́ láéláé.

Àyọ̀nkẹ́ kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ nípa òfin ìlú náà pẹ̀lú. Ní Ẹnu-Ẹni, ẹni tó bá dá àbá ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Tó o bá ní kí wọ́n tún òrùlé ààfin ṣe, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gun òrùlé. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti jáde níwájú ọba, wọn kì í dá a padà. Ọdẹ́lékè ní òfin náà dára, ó ní ọdẹ làwọn tó ṣe é.

Ọba ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Ìtẹ́ ọba ìlú náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi ti ẹṣin, tí ọkàn ọba kò bá sì balẹ̀, ìtẹ́ á máa rìn káàkiri ààfin, ọba á máa bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ bó bá ṣe ń kọjá lára wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ìtẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Ọba ní, "Ọdẹ, àràárọ̀ ni mò ń pín ọmọ ogun mi sọ́nà mẹ́ta. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń sin wọ́n. Kí lo rí sí i?"

Ọdẹ́lékè ní, "Kábíyèsí, ẹran mẹ́ta lẹ̀ ń lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dojú kọ oníkẹ̀kẹ́, torí àwọn ló ń pa yín jù. Ẹ ti ilẹ̀kùn ọ̀nà òkè, kí ẹ má pariwo níbẹ̀. Ẹ pọnmi nínú kànga, kí ẹ fi odò sílẹ̀ ná. Ká parí ọ̀kan ká tó fọwọ́ kan òmíràn."

Ọjọ́ kan gbáko ló fi jókòó sórí odi ìlú, tó ń wo ìrìn kẹ̀kẹ́ bó ṣe máa ń wo ìrìn ẹran. Ó rí i pé ilẹ̀ títẹ́jú ni kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn. Kùkùté kékeré kan gbé ẹsẹ̀ ọ̀kan sókè, kẹ̀kẹ́ náà sì dojú délẹ̀ pẹ̀lú dòjé àti ẹṣin àti gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ebè bo gbogbo pápá náà. Ebè iṣu, kí ó ga, kí ó sún mọ́ra.

Wọ́n gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Òfin ni. Ogójì ebè ni wọ́n ní kó kọ kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ń wo bàbá arúgbó tó ń kọ ebè. Àyọ̀nkẹ́ ló ń kà á sókè fún wọn, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ebè kẹtàlá wọ́, ó ní ebè kejìdínlógún dàbí ikùn Ìyá Alágbo tó jókòó sáàárín wọn. Ọdẹ́lékè ń làágùn, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Nígbà tó parí, tọmọdé tàgbà bọ́ sí pápá. Nígbà tí àwọn ará Ayípo fi máa padà wá lọ́jọ́ kẹta, pápá ti di oko. Ẹṣin tí kò lójú kò rí ebè. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, kẹ̀kẹ́ àádọ́ta ló wọ inú ebè yẹn, mọ́kànlá ló jáde. Àwọn tó kù ń dojú dé ara wọn lórí, dòjé wọn ń gé ìjánu ara wọn.

Mọ́kànlá yìí kò gba pápá mọ́. Wọ́n fi àkísà di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó má pariwo, wọ́n wá ń gba abẹ́ òkè àwọn Apágùn wọ́ wá. Ọdẹ́lékè tún sọ níwájú ọba pé kí ẹnì kan so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, kó sáré níwájú wọn lábẹ́ òkè yẹn, kí àwọn Apágùn lè gbọ́ ariwo. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló rántí òfin. Ẹ má rẹ́rìn-ín bàbá yẹn. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì sáré, kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti òkè bí òjò. Àpáta kan mú ìdajì etí ọ̀tún rẹ̀ lọ. Èyí tó kù bá àwọn oníkẹ̀kẹ́. Inú bí wọn, wọ́n gun òkè lọ bá àwọn Apágùn, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà títí agbára àwọn méjèèjì fi tán, tí kálukú wọ́ lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀tá méjì ti lọ. Ó wá ku ọ̀kan.

Ọba pe gbogbo ìlú sí ààfin lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹran sísun wà níbẹ̀, ẹmu wà níbẹ̀, wọ́n di etí Ọdẹ́lékè, ó sì ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé. Ọba ní ọmọ ogun òun kò ju ọgọ́ta lọ mọ́, ó ń bẹ̀rù odò. Ó ní àràárọ̀ làwọn ará odò ń kó nǹkan kalẹ̀ sétí omi: obì, orógbó, oyin, iyọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Ó ní àwọn ìjòyè sọ pé oògùn ni, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án.

Ọdẹ́lékè gbé ife ẹmu sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti ń mi orí. Ó ní, "Kábíyèsí, oògùn kọ́ o. Ẹrù ìdána ni. Wọ́n ń tọrọ ìyàwó ni, wọn ò kàn lẹ́nu tí wọ́n máa fi sọ ọ́. Ẹ fún wọn ní ọmọ kan. Ẹ ti di àna wọn nìyẹn, ta ló ń bá àna rẹ̀ jagun?"

Ìtẹ́ ọba, tó ti ń rìn láti àárọ̀, dúró.

Ọba ní, "Ọdẹ́lékè, ṣé o ti sọ ọ́ tán?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i, ẹ̀rín náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí i pé àwọn obìnrin kò wo òun. Àyọ̀nkẹ́ ni wọ́n ń wò.

Ó ti rò pé ọwọ́ òun ni òfin náà wà fún, tàbí ẹsẹ̀ òun, tàbí etí òun. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìtẹ́. Ó ní òun mú ọ̀rọ̀ òun kúrò. Wọ́n ní ìlú náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀rọ̀ kúrò. Ó ní kí wọ́n gbé òun fún odò dípò. Ìjòyè kan rọra sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ ni wọ́n ń tọrọ. Ó gbé ìbọn, ó ní òun nìkan máa bá odò jà. Ọba ń sunkún. Ó ní tí Ọdẹ́lékè bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á kó ọgọ́ta tó kù jáde, kí gbogbo wọn lọ kú sétí omi, òun náà á sì lọ. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyá Adéyangà wà láàárín èrò, ọmọkùnrin kan tó kù fún un wà nínú ọgọ́ta yẹn. Ó kàn di aṣọ ọmọ náà mú láti ẹ̀yìn.

Àyọ̀nkẹ́ ló wá gbé bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn dára. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń já yín. Èyí, mi ò rí ibi tí mo máa já a."

Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí oòrùn yọ ni Àyọ̀nkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Ó sọ bí Adéyangà ṣe máa ń sùn lẹ́nu oúnjẹ. Ó sọ nípa oyún kan tí kò dúró, tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí kò ní í jóná, torí bàbá rẹ̀ máa ń jó ọbẹ̀. Ó dárúkọ gbogbo ará Abà Ìrókò níkọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ohun tó rò nípa olúkúlùkù, tí mo bá sọ tiyín fún yín ẹ máa bínú. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ó ń wá èyí tó kù bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Ó wá di pé ó kàn ń sọ pé, "Bàbá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Bàbá." Ọdẹ́lékè ń dáhùn.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n mú Àyọ̀nkẹ́ àti bàbá rẹ̀ lọ sétí odò, àwọn ará odò sì jáde. Ara wọn dàbí aṣọ tí wọn ò tíì fún. Nígbà tí wọ́n rí Ọdẹ́lékè, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, wọ́n lé ní igba, torí àna wọn ni. Wọn ò dìde àfìgbà tó fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Àyọ̀nkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn, wọ́n ń kí yín." Ó fọwọ́ kàn wọ́n.

Àyọ̀nkẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ó wọnú omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó yíjú padà. Ó ní, "Ẹ máa jẹun, Bàbá." Omi bò ó.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá Ẹnu-Ẹni jà mọ́. Ọ̀nà etí odò ṣí sílẹ̀, ọ̀nà yẹn ló sì lọ tààrà sí Abà Ìrókò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́lékè fi rìn ín. Àyọ̀nkẹ́ ń bá a lọ lábẹ́ omi, ó ń rìn sún mọ́ etí odò bí èèyàn ṣe ń sin bàbá rẹ̀ sọ́nà. Bàbá rẹ̀ ń rí ojú rẹ̀. Ẹnu ọmọ náà ń mì, kò sí ohùn. Nígbà tó rí i pé kò sí ohùn, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan gidi kan. Ó ń sọ nípa òjò, nípa òrùlé tó ń jò, nípa ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó kúrò lábà. Ọjọ́ mẹ́ta, kò dákẹ́.

Níbi tí odò ti yà sí ọ̀tún, tí ọ̀nà yà sí òsì, ó ti dé ìdajì ọ̀rọ̀ kan, nípa àgbò Làmídì aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ fìlà baálẹ̀ níwájú gbogbo èrò. Odò yà. Ó dúró. Kò rí ojú kankan nínú omi mọ́. Ó jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, ó rọra sọ ọ̀rọ̀ àgbò náà fún omi títí dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀. Ó wá gbé ìbọn rẹ̀, ó lọ sílé.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé, èmi náà yà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń pariwo nílé báyìí, kó má dúró kí mi mọ́, kó máa sáré lọ.